Owó Àsansílẹ̀ Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì, àti Àwọn Tí Ń Wálé fún Ojúde Ọba

Èmi ni mo ń bójú tó ètò ìrìn àjò fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa tí wọ́n ń gbé ní òkè òkun, kò sì sí ọdún tí Ojúde Ọba yóò sún mọ́lé tí ẹnìkan nínú wọn kò ní bi mí bóyá kí òun san owó ọdọọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ìlérí wọn ni pé ẹni tí ó bá ti san owó náà yóò máa rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní iye tí ó dín sí ti àwọn yòókù. Bí Bùọ̀dá kan bá béèrè láti London lónìí, Àǹtí kan yóò béèrè láti Houston lọ́la, ìdáhùn tí mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í sì í tó, nítorí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju kí á kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Mo ti fara balẹ̀ wádìí rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fi gbé owó àsansílẹ̀ kalẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí oníbàárà má bojú wo ọjà ẹlòmíràn mọ́. Bí a bá ti mọ èyí, yóò rọrùn fún wa láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí á sanwó àti ìgbà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí owó ti ń wọlé fún àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ni ó ń fún ajẹ́ńtì ní kọ́míṣọ̀n lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Delta ní Amẹ́ríkà fi òdiwọ̀n sí kọ́míṣọ̀n náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju $50 lọ fún àlọ àti àbọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó sì di 2002, Delta kan náà fagi lé e, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Láàárín àkókò yẹn ni àwọn tí ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń dàgbà. Inú Microsoft ni Expedia ti bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọdún kan náà ni ohun tí a mọ̀ sí Booking.com lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands, kí Priceline ti Amẹ́ríkà tó rà á ní $133 mílíọ̀nù ní 2005. Àwọn wọ̀nyí bá ọjà tíkẹ́ẹ̀tì tí èrè rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì yí ojú sí òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí onílé ti ń fún wọn ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 owó yàrá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà wá, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe oníbàárà wọlé, òtẹ́ẹ̀lì sì ni wọ́n ti ń jẹun. Èmi kọ́ ni mo dá èyí rò. Ní September 2023, nígbà tí Booking fẹ́ ra eTraveli, ilé iṣẹ́ kan ní Sweden tí ó mọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tà dáadáa, àjọ tí ń bójú tó ìdíje fún Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ jálẹ̀, ìdí pàtàkì tí wọ́n sì fi kọ̀ ni pé ẹni tí ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò tún ra òtẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀, pé bí Booking bá kó ẹnu ọ̀nà yẹn sí abẹ́ ara rẹ̀, kò ní sí ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí yóò lè bá a dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni ó wá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò owó àsansílẹ̀ wà. Ẹni tí ó fẹ́ wálé láti London kì í sábà lọ tààrà sí ojú òpó ẹnikẹ́ni. Google ni yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò sì máa jìjàdù láti wà ní òkè pátápátá. Bí a bá ti tẹ orúkọ ẹni tí ó sanwó láti wà ní òkè, owó Google ti já lé e lórí nìyẹn, yálà a ra nǹkan tàbí a kò rà. Ní 2023, owó tí ó wọlé fún Booking Holdings, ilé iṣẹ́ tí ó ni Booking.com, jẹ́ nǹkan bí $21.4 bílíọ̀nù, èyí tí wọ́n sì ná sórí ìpolówó nínú rẹ̀ tó $6.8 bílíọ̀nù. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó wọlé nìyẹn, fún ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó sì ń dùn wọ́n jù ni pé bí oníbàárà kan náà bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀ láti ojú Google, wọn yóò tún san owó orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wá wo oníbàárà tí ó ti san owó ọdún kan sílẹ̀. Kò ní gba ọ̀dọ̀ Google lọ mọ́. Bí ó bá ti fẹ́ rìnrìn àjò, áàpù ilé iṣẹ́ tí ó ti gba owó rẹ̀ ni yóò ṣí, nítorí ọkàn rẹ̀ yóò máa sọ fún un pé òun ti sanwó, òun kò sì fẹ́ kí owó náà ṣòfò. Owó tí ilé iṣẹ́ ì bá san fún Google di ohun tí ó lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀dínwó, kí ó sì fi ìyókù sápò. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n òwò tí ó mọ́, n kò sì pè é ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀dínwó tí òun ń rí yẹn, ara owó tí òun kò jẹ́ kí wọ́n ná sórí Google mọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ tí ó gbé ọ̀nà yìí dé ibi tí ó ga jù ni eDreams ODIGEO, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Barcelona, tí ó sì ni Opodo àti Go Voyages pẹ̀lú. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Prime, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún un sì ti lé ní mílíọ̀nù 7 báyìí. Bí ẹ bá ṣí ojú òpó wọn, iye méjì ni ẹ ó rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan: iye ti alásansílẹ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà, àti iye ti ẹni tí kò tíì sanwó. Wọ́n á ní kí ẹ dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò gba nọ́ńbà káàdì yín, bí ìgbà ìdánwò náà bá sì parí láìjẹ́ pé ẹ jáde, káàdì yóò san owó ọdún kan fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tí wọ́n ní àwọn kò mọ ìgbà tí àwọn wọ ẹgbẹ́ kan, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wọ̀ ọ́, nítorí àárín ìgbà tí wọ́n ń kánjú ra tíkẹ́ẹ̀tì kí iye rẹ̀ má baà gbéra ni ìbéèrè náà jáde sí wọn.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ bí a ti ń fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ti bá alájọ ṣe é pẹ́. Ẹni tí ń dá àjọ ojoojúmọ́ mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni alájọ yóò yọ fún ara rẹ̀, pé ìyókù yóò sì padà sọ́wọ́ òun ní ìparí oṣù, ìbáà jẹ́ pé òun jáde lọ sọ́jà tàbí òun kò jáde. Owó àsansílẹ̀ ìrìn àjò yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí ẹni tí kò bá rìn kò ní nǹkan kan láti gbà padà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ bi ara wa ni pé mélòó ni a ó rìn, kí á tó béèrè pé mélòó ni ẹ̀dínwó.

Àwọn kan ti gbìyànjú irú ètò yìí tí kò yọrí, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìjákulẹ̀ wọn pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú àṣeyọrí eDreams lọ. Tripadvisor, ojú òpó tí àwọn arìnrìn àjò ti ń sọ ohun tí wọ́n rí ní òtẹ́ẹ̀lì, gbé Tripadvisor Plus jáde ní $99 lọ́dún, ó sì ṣèlérí ẹ̀dínwó ńlá lórí òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì máa ń gbà kí á ta yàrá wọn ní iye tí ó kéré fún ẹgbẹ́ kan, bí iye náà kò bá ti hàn sí gbogbo ayé, nítorí bí ó bá hàn, gbogbo àdéhùn tí wọ́n bá àwọn olùtajà yòókù ṣe yóò dàrú. Tripadvisor ń fi iye náà hàn ẹni tí kò tíì sanwó, kí ojú lè wọ̀ ọ́, kí ó sì wọlé. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá kò gbà, nígbà tí ó sì di September 2021, Tripadvisor yí ètò náà padà: iye tí gbogbo ènìyàn ń san ni alásansílẹ̀ yóò san, wọn yóò sì dá díẹ̀ padà fún un lẹ́yìn tí ó bá ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì náà tán. Adùn ètò náà ti lọ, kò sì pẹ́ tí ètò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń ta ọjà ẹlòmíràn kò lè ṣèlérí ẹ̀dínwó títí láé, nítorí onílé ni ó ni iye.

Ti Ryanair, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú ní Yúróòpù, tún yàtọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ní March 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Prime tiwọn ní €79 fún oṣù méjìlá, pẹ̀lú ìjókòó tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìdójútòfò ìrìn àjò, àti títà olówó pọ́ọ́kú lóṣooṣù fún àwọn alásansílẹ̀ nìkan. Kí oṣù November ọdún kan náà tó parí, wọ́n kéde pé àwọn ń dá a dúró. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, nǹkan bí ènìyàn 55,000 ni wọ́n san owó, owó tí ó wọlé jẹ́ €4.4 mílíọ̀nù, ẹ̀dínwó tí àwọn ènìyàn náà sì gbà lé ní €6 mílíọ̀nù. Bí a bá pín in, ẹnìkọ̀ọ̀kan san nǹkan bí €80, ó sì jèrè nǹkan bí €109. Àwọn arìnrìn àjò tí wọ́n mọ iye ìgbà tí àwọn ń wọ ọkọ̀ Ryanair ni wọ́n wọlé, wọ́n gba ohun tí ó tọ́ sí wọn, ilé iṣẹ́ náà sì pàdánù.

Ẹ fi ojú inú wo ìtumọ̀ ìṣirò yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì àwọn tí ń rìn dáadáa ni wọ́n wọ inú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò lè pẹ́. Èyí tí ó bá pẹ́ ní láti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí wọ́n sanwó tí wọn kò sì rìn tó, tàbí kí ó ní ibòmíràn tí ó ti ń jèrè lórí wọn, bí i kọ́míṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì àti owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n yá. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 bá èyí mu: wọ́n wo àwọn tí ń san owó oṣooṣù ní ibi eré ìdárayá, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn tí a bá pín owó oṣù náà sí iye ìgbà tí wọ́n lọ, ó lé ní $17 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ó jẹ́ pé $10 ni wọn ì bá san lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a tò papọ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tí ènìyàn rò pé òun yóò ṣe nígbà tí ó ń sanwó máa ń pọ̀ ju ohun tí yóò ṣe gan-an lọ. Mo rí i lára àwọn ará wa náà: ẹni tí ó ní òun yóò wálé fún Ìléyá, fún Kérésìmesì àti fún ìsìnkú àwọn àgbà ilé, iṣẹ́ àti ilé ìwé àwọn ọmọ kò ní jẹ́ kí ó wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn ńláńlá méjì tí wọ́n ń bá eDreams díje kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ètò Genius ti Booking.com kò ní owó ìwọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni One Key tí Expedia bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní July 2023, tí ó so Expedia, Hotels.com àti Vrbo pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé nítorí pé kò ní owó ìwọlé, kò sí ẹni tí ń sanwó. Lórí Genius, onílé òtẹ́ẹ̀lì ni ó ń yọ ìdá 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò nínú iye yàrá rẹ̀ fún àwọn tí ó wà nínú ètò náà, lẹ́yìn èyí ni yóò tún san kọ́míṣọ̀n. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn onílé òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó ní bí òun bá wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, òun ní láti gbé owó yàrá sókè kí òun tó lè yọ ẹ̀dínwó náà, ẹni tí ó bá sì wá kan ilẹ̀kùn òun láìgba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò ru ẹrù náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ iye kan náà níbi gbogbo fi le tó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdéhùn tí Booking.com ń bá òtẹ́ẹ̀lì ṣe kò gbà kí onílé ta yàrá ní iye tí ó kéré ju ti orí Booking lọ lójú òpó ara rẹ̀. Ní July 2024, àjọ ìdíje ilẹ̀ Sípéènì bu owó ìtanràn €413 mílíọ̀nù lé Booking.com lórí bí ó ṣe ń lo agbára rẹ̀ sórí àwọn òtẹ́ẹ̀lì, àti pé láti May ọdún kan náà ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kà á mọ́ àwọn tí òfin ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun wọn dè, èyí tí ó jẹ́ kí onílé òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ lè fi iye tí ó wù ú sójú òpó tirẹ̀.

Ìjà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti àwọn olùtajà náà ń bẹ, n kò sì ní fa ti ìyẹn gùn. Fún ọdún pípẹ́ ni Ryanair ń pe àwọn olùtajà tí kò bá a ṣe àdéhùn ní ajalèlókun. Ní ìparí 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ tíkẹ́ẹ̀tì Ryanair kúrò lójú òpó wọn, láti January 2024 sì ni Ryanair bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe àdéhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, loveholidays ni ó ṣíwájú. Ẹni tí ó bá san owó ọdún kan fún olùtajà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìjà tí kò kan òun lè mú kí ọkọ̀ tí òun fẹ́ wọ̀ pòórá kúrò nínú áàpù náà kí ọdún rẹ̀ tó pé.

Nílé níbí, ìdíje àwọn ilé iṣẹ́ wa gba ọ̀nà mìíràn. Wakanow bẹ̀rẹ̀ ní 2008, Hotels.ng ní 2013, ọdún yẹn náà ni Jovago dé, èyí tí ó di Jumia Travel kí Travelstart tó gbà á ní ìparí 2019. Owó àsansílẹ̀ ọdọọdún kọ́ ni wọ́n fi jà. Ohun tí Wakanow gbé jáde tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni sísan owó tíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Náírà kò dúró sójú kan: nígbà tí ìjọba tú u sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó lé ní ₦1,500 ní 2024. Ilé iṣẹ́ wo ni ó lè gba owó ọdún kan ní náírà ní January, kí ó sì mú ìlérí ẹ̀dínwó ṣẹ ní December? Káàdì náírà fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ọjà òkèèrè ní ọ̀pọ̀ báǹkì láti ìparí 2022, ó sì tó ọdún méjì àti ààbọ̀ kí àwọn kan tó dá a padà. Ètò tí ó gbára lé pé kí káàdì máa sanwó fúnra rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa rántí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀dínwó àsansílẹ̀ fà wá lójú. Ní June 2023, IATA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, sọ pé owó àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó há sí Nàìjíríà ti tó $812 mílíọ̀nù. Emirates ti kúrò kí ó tó di ìgbà yẹn, àwọn mìíràn sì ti àwọn tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré mọ́ ẹni tí ń rà á láti Nàìjíríà. Kò sí ètò àsansílẹ̀ kankan tí ó lè wo ọgbẹ́ yẹn sàn. Ohun tí ó mú kí iye rọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí London ni Air Peace tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù March 2024. Kíákíá ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tiwọn. Ọkọ̀ tí ó pọ̀ lójú ọ̀nà kan ni ìdíje gidi. Ẹ̀dínwó tí olùtajà ń fún wa lórí àyè tí kò pọ̀ sí i kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá padà sí ìbéèrè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba, Ìléyá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ọjọ́ 18 June ni a ṣe é ní 2024, ọjọ́ 8 June ni a ṣe ti 2025. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá kò lè yan ọ̀sẹ̀ tí iye rọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bọ̀. Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì ju ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ẹni tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni pé kí ó má san owó ọdún. Ẹni tí ó ń gbé London tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí Madrid, Berlin àti Milan nígbà gbogbo lè san án, yóò sì jèrè, àmọ́ ìrìn àjò iṣẹ́ ni yóò ti jẹ èrè yẹn, ìrìn àjò sílé yóò kàn bá a débẹ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ wọlé, kí ó kọ́kọ́ wo tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lójú òpó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù àti ìjókòó, títí dé ojú ewé tí wọ́n ti ń gba káàdì, nítorí ibẹ̀ nìkan ni iye gidi máa ń hàn. Kí ó pín owó àsansílẹ̀ sí iye ìrìn àjò tí ó rìn lọ́dún tí ó kọjá, kí ó má lo èyí tí ó rò pé òun yóò rìn. Kí ó sì pa sísan-fúnra-rẹ̀ ti káàdì lọ́jọ́ tí ó wọlé gan-an. Ọ̀rọ̀ jíjáde yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ní September 2025, Amazon gbà láti san $2.5 bílíọ̀nù láti fi parí ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é lórí bí ó ṣe ń mú ènìyàn wọ Prime tirẹ̀ láìmọ̀ àti bí ó ṣe sọ jíjáde di wàhálà. Òfin tiwa náà kò dákẹ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé àyè tàbí ọjà tí ó ti béèrè fún ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùtajà lè yọ ìwọ̀nba owó tí ó bọ́gbọ́n mu.

Bí mo ti ń ro gbogbo èyí, ó wá yé mi pé àwọn tí owó àsansílẹ̀ yẹ jù lọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í tilẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wo àwọn tí ń gbé Ṣágámù tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn oníṣòwò tí ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ọjà Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní Babcock ní Ìlíṣàn. Ìwọ̀nyí mọ iye ìgbà tí wọ́n ń rìn láìṣi ọ̀kan, ọ̀nà wọn kì í yí padà, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn sì gba Abẹ́òkúta kọjá, kò kàn wá. Ní gáréèjì, iye tí a san ní àárọ̀ Monday lè yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́ Friday, bí àjọ̀dún bá sì dé, a lè san ìlọ́po méjì. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan bá lè gba owó oṣù kan lọ́wọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, tí ó sì dá a lójú pé àyè rẹ̀ wà, tí iye rẹ̀ kò sì ní yí padà bí epo bá gbówó lórí láàárín oṣù, àwọn méjèèjì ni yóò jèrè: ilé iṣẹ́ yóò mọ iye èrò tí ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò yóò sì mọ iye tí ìrìn àjò yóò gbà nínú owó oṣù rẹ̀. Oṣù kan kéré tó kí náírà má baà da àdéhùn náà rú.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí ń gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù kọjá, mo sì kọ òmíràn sí ajẹ́ńtì tí ń bá ẹgbẹ́ wa ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun. Ohun tí mo bẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà fún ni tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù tí mo ṣàlàyé sókè yìí. Lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, mo béèrè pé kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí àdéhùn dípò orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí bí ẹnìkan kò bá lè wálé lọ́dún yìí, ẹlòmíràn yóò wá, owó tí a san kò sì ní ṣòfò. Wizz Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn ní Yúróòpù, ti ń ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ẹ̀dínwó tirẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti lè sanwó fún ara rẹ̀ àti àwọn tí ń bá a rìn. Mo ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní náírà, kí iye tí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ń san sì máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nígbà gbogbo, kí a lè rí ìyàtọ̀ náà pẹ̀lú ojú ara wa. Ohun tí ó kẹ́yìn, tí mo sì kọ sínú lẹ́tà méjèèjì bákan náà, ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ jáde lè jáde lórí fóònù tí ó fi wọlé, láìsan owó ìtanràn, kí ó tó di ọjọ́ tí oṣù mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀.